Omi Ni Ẹ̀ṣọ́ Ń Wá, Kì í Ṣe Ìkarahun: Bí Ọmọ Mọ́sẹ̀lì Abilà Ṣe Ń Rìn àti Bó Ṣe Ń Balẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé nítòsí Dallas, tó máa ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja ní adágún Texoma, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́:

"Mo ń wọ́ ọkọ̀ mi jáde kúrò lómi lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀ṣọ́ adágún dá mi dúró. Ó yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, kò rí ìkarahun kankan. Síbẹ̀ ó ní n kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi tí mo bá da gbogbo omi inú àpótí tí mo ń kó ẹja ààyè sí nù, pé ọmọ mọ́sẹ̀lì lè wà nínú rẹ̀. Omi náà sì mọ́ gaara. Ohun tí ojú kò rí, báwo ló ṣe ń di òkúta tí ń dí páìpù? Ṣé ẹja ló ń gbé e kiri ni? Bí mo bá sì fi omi gbígbóná ṣan ọkọ̀ náà, ṣé ó burú kí n wọ́ ọ lọ sí adágún mìíràn ní ìlà-oòrùn Texas ní ọjọ́ kejì?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára èèyàn tí wọ́n bá dá a dúró nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, tí ẹja ń ta pàrà nínú àpótí, tí oòrùn Texas sì ń mú un lórí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ẹ̀ṣọ́ yẹn sọ. Omi ló ń wá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2014 ni òfin ti wà káàkiri Texas pé ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ kúrò ní odò tàbí adágún ìjọba, tàbí tó ń gbé e bọ̀ wá síbẹ̀, gbọ́dọ̀ da gbogbo omi inú rẹ̀ nù: omi àpótí ẹja, omi tó dárò sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, omi garawa ìjẹ, omi inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn àgbà máa ń sọ fún ẹni tí nǹkan ṣe pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ní ẹnu ọ̀nà adágún, dída omi yẹn nù ni kì í jẹ́ kí agbè fọ́.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹran tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mọ́sẹ̀lì abilà jẹ́ ẹran omi kékeré tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì tó pàdé bí ìdérí àpótí. Ìlà dúdú àti ìlà àwọ̀ ẹrùpẹ̀ tó wà lára ìkarahun náà ni wọ́n wò tí wọ́n fi fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà sọ ọ́ lórúkọ. Púpọ̀ nínú wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Agbègbè Òkun Dúdú àti Òkun Caspian ni orísun rẹ̀. Wọ́n ti rí i ní èbúté London láti ọdún 1824. Ní ọdún 1988 ni wọ́n rí i ní adágún St. Clair, láàárín ìpínlẹ̀ Michigan àti Kánádà. Bí ó ṣe dé Amẹ́ríkà yẹn gan-an ló ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín. Ọkọ̀ òkun ńlá tí kò bá ní ẹrù tó máa ń fa omi sínú ikùn rẹ̀ kí ó lè dúró dáadáa lórí òkun. Tó bá dé ibi tó ń lọ, á tu omi náà dà. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà pé mọ́sẹ̀lì náà wà tó fi la òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Àpótí ẹja yín kéré sí ikùn ọkọ̀ òkun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì lè ṣe. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2009 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti dé Texoma, adágún tiyín, òun sì ni adágún àkọ́kọ́ ní Texas.

Ó yá, ohun tí ojú kò rí.

Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, tó tó bíi 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius, akọ á tu àtọ̀, abo á tu ẹyin, sínú omi gbalasa. Kò sí ìtẹ́, kò sí ìsàba. Abo kan tó ti gbó dáadáa lè tu ẹyin tó mílíọ̀nù kan láàárín ọdún kan. Ẹyin yìí kéré débi pé bí ẹ bá to bíi mẹ́rìnlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mìlímítà kan ni wọ́n máa gùn. Ní Texoma, ìgbà ìrúwé ni wọ́n máa ń bí jù. Tí ooru ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ọ̀pọ̀ àgbà nínú wọn á kú, nítorí pé wọn kò fara da omi tó bá ti kọjá bíi 30 lórí Celsius fún ìgbà pípẹ́. Tí ìkórè bá dé, tí omi tún rọlẹ̀, àwọn tó ṣẹ́kù á tún bí.

Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹyin tó bá rí àtọ̀ ti di nǹkan róbótó kan tó ń fi irun wẹ́wẹ́ yí ara rẹ̀ po nínú omi. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, á ti wọ ìkarahun àkọ́kọ́, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tó sì rí bíi lẹ́tà D. Nǹkan kan á wá yọ láàárín ìkarahun náà bí àwo pẹrẹsẹ tí irun yí etí rẹ̀ ká. Àwo onírun yìí ni ọkọ̀ rẹ̀, òun náà ni ṣíbí rẹ̀: irun yẹn ló ń lù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, òun kan náà ló fi ń gbá àwọn ewéko tó kéré jùlọ nínú omi sí ẹnu. Ẹ rántí tanwíjí inú àmù ìyá wa. Ẹni tí kò mọ ẹ̀fọn rí kò ní gbà pé ohun tó ń jó nínú omi yẹn ni yóò hu ìyẹ́ tí yóò sì máa jẹni lóru. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mọ́sẹ̀lì rí. Òun àti àgbà rẹ̀ kò jọra, wọn kò gbé ibì kan náà, iṣẹ́ wọn kò sì pa pọ̀. Ìyàtọ̀ kan ni pé ẹ ń fi ojú rí tanwíjí.

Mo mọ̀ pé omi yín mọ́ gaara. Lítà kan irú omi mímọ́ bẹ́ẹ̀, ní àkókò tí wọ́n ń bí, lè ní ọmọ mọ́sẹ̀lì tó ju 100 lọ. Láti rí wọn, àwọ̀n tí ihò rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá mìlímítà la fi ń sẹ́ omi. A ó wá gbé ohun tí àwọ̀n náà bá mú sábẹ́ máíkíróskóòpù, a ó sì fi awẹ́ gíláàsì pàtàkì méjì dábùú ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, títí gbogbo nǹkan á fi ṣókùnkùn. Nínú òkùnkùn yẹn ni ìkarahun ọmọ mọ́sẹ̀lì nìkan á ti máa tàn bí ìràwọ̀, pẹ̀lú àgbélébùú dúdú kan láàárín rẹ̀, nítorí bí èròjà ìkarahun náà ṣe tò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo kàn jókòó, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó rẹwà. Ó sì bà mí lẹ́rù, nítorí pé ìkán omi kan péré ni mo gbé síbẹ̀.

Ó ń lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kò lágbára. Ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀ ló lè rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lè gòkè, ó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ibú, àmọ́ ọ̀nà jíjìn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí omi bá ń lọ ló ń lọ. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń rìn báyìí. Bí ó bá tutù, ó lè ju oṣù kan lọ. Ikú ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà náà. Ẹja kéékèèké ń jẹ wọ́n, ebi ń pa wọ́n, àgbà mọ́sẹ̀lì pàápàá ń fa wọ́n mọ́ omi tó ń sẹ́. Nínú 100, ó máa ń ju 90 lọ tí kì í yè. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, 99 ló ń lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo máa padà síbẹ̀.

Àwọn tó bá yè ló kan ohun tí ẹ bi mí: báwo ni wọ́n ṣe ń di òkúta?

Tí ọmọ náà bá ti tó bíi ìdá mẹ́rin mìlímítà kan, ẹsẹ̀ kan á hù sí i lára. Ẹsẹ̀ yìí dà bí ahọ́n gígùn. Fún ìgbà díẹ̀, ọmọ náà á ní méjèèjì pa pọ̀, àwo onírun tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ àti ẹsẹ̀ tó fi ń wọ́. Èyí ni àkókò tó wù mí jù nínú gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Á sọ̀ kalẹ̀, á na ẹsẹ̀, á fi tọ́ ibi tó bà lé wò bí ẹni tó ń dán ilẹ̀ wò kó tó ra á. Bí ibẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fa ẹsẹ̀ padà, á tún ṣí àwo onírun, á sì tún bá omi lọ. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Kì í ṣe pé ó kàn já lu ibi tó bá ṣáà ti rí.

Kí ló wá ń wá? Ibi líle ni àkọ́kọ́: òkúta, igi, irin, kọnkéré, rọ́bà, ike. Ó fẹ́ràn ibi tí yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ omi ti bò ju ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ; yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ tí ẹ ń fọwọ́ kàn lára òkúta odò yẹn kún fún àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn-tín, ó sì jọ pé ó ń sọ fún un pé ibẹ̀ ṣeé gbé. Ó fẹ́ràn ibi tó ní kòtò àti ìlà ju ibi tó ń dán lọ. Ó fẹ́ràn òjìji, nítorí náà abẹ́ nǹkan ló máa ń wọ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí omi máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí omi ló ń gbé oúnjẹ bọ̀, ṣùgbọ́n tí omi náà bá ń sáré tó mítà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní lè dì í mú. Ó sì máa ń sá fún bàbà. Lékè gbogbo rẹ̀, ìkarahun àwọn tó ti balẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Níbi tí ọ̀kan bá wà, òun ni ọmọ ẹlòmíràn máa bà lé. Lórí ìyẹn, òmíràn tún máa bà. Bí ohun tí ojú kò rí ṣe ń di òkìtì nìyẹn.

Ẹ wá fi inú páìpù sọ́kàn: ó ṣókùnkùn, ó le, yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ti bò ó, omi ń gbé oúnjẹ kọjá tọ̀sán-tòru, kò sí ẹja tí yóò jẹ wọ́n, kò sí ìgbì tí yóò gbá wọn dànù. Bí ẹ bá ní kí ọmọ mọ́sẹ̀lì fúnra rẹ̀ kọ́ ilé, irú ilé yẹn ló máa kọ́. Ní ìlú Monroe, Michigan, ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n rí i ní St. Clair, mọ́sẹ̀lì àti yìnyín dí ẹnu páìpù tí ìlú fi ń fa omi nínú adágún Erie, omi sì dá lẹ́nu ẹ̀rọ àwọn ará ìlú. Nítòsí ibẹ̀ kan náà, ní ojú omi ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan, wọ́n ka mọ́sẹ̀lì tó tó 700,000 lórí ilẹ̀ tí kò ju mítà kan níbùú, mítà kan lóròó.

Ohun tó fi ń dì mọ́ ibi tó bà lé yẹ fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Inú ẹsẹ̀ yẹn ló ti ń ṣe okùn. Oje kan ń jáde sínú kòtò tó wà lára ẹsẹ̀ náà, á fi tẹ ilẹ̀, oje á le di okùn tí orí rẹ̀ fẹ̀ bí ìdérí ìgò tó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Abẹ́ omi ló ti ń ṣe gbogbo èyí. Ẹni tó bá ti gbìyànjú àtifi gọ́ọ̀mù lẹ ohun tó tutù rí mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, títí okùn náà á fi di ìdì kan. Lẹ́yìn náà ni àwo onírun á yọ́ dànù, tí ohun tó fi ń mí tó sì fi ń sẹ́ oúnjẹ nínú omi á wá dàgbà. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kò lè jẹun dáadáa, ọ̀pọ̀ ló sì ń kú síbẹ̀. Èyí tó bá kọjá ibẹ̀ ti di onílé. Kó tó pé ọdún kan, ó lè máa bí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdúró àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ìdúró ìkẹyìn. Èyí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò mọ̀. Ọmọ kékeré tó ti so okùn lè tú ara rẹ̀, kó wọ́ lọ síbòmíràn, tàbí kó jẹ́ kí omi tún gbé òun. Ewéko inú omi ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ ń so mọ́, kí wọ́n tó wá ibi líle lọ. Ewéko kan náà ni ó máa ń lọ́ mọ́ táyà àti irin kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ń wọ́ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọkọ̀ tó ń jáde ní St. Clair wò, bíi 5 nínú 100 ló ní ewéko tí mọ́sẹ̀lì wà lára rẹ̀. Nítorí náà bí ẹ bá ń da omi nù, ẹ máa já ewéko náà dànù, kódà bó jẹ́ ewé kan ṣoṣo ló kù.

Ẹ béèrè bóyá ẹja ló ń gbé e kiri. Ìbéèrè yẹn dára ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí pé mọ́sẹ̀lì tó jẹ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Bíi 300 irú mọ́sẹ̀lì odò ló jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Àríwá Amẹ́ríkà, ẹja ló sì ń bá púpọ̀ jùlọ nínú wọn pọ̀n ọmọ. Ìyá á tọ́jú ọmọ sínú ara rẹ̀ títí wọn á fi gbó díẹ̀, á wá tú wọn lu ẹja. Wọ́n á gán mọ́ lẹ́bẹ́ rẹ̀ tàbí ibi tó fi ń mí, wọ́n á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wá já bọ́ sí ìsàlẹ̀ odò níbi tí ẹja bá gbé wọn dé. Kì í sì í ṣe ẹja èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, irú ẹja díẹ̀ péré ló lè bá wọn pọ̀n ọmọ. Bí ẹja yẹn bá ti tán nínú odò, ìran mọ́sẹ̀lì náà ti fẹ́ tán nìyẹn. Mọ́sẹ̀lì abilà kò bẹ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ ọmọ pípọ̀n. Omi ni olùtọ́jú ọmọ rẹ̀, omi kò sì ní ààlà. Ìdí tó fi ń yára tàn nìyẹn, òun náà ló sì mú kí ọkàn mi bàjẹ́ nígbàkúùgbà tí mo bá gbé mọ́sẹ̀lì onílẹ̀ kan nínú odò tí mo rí i pé àwọn abilà ti bò ó ṣíkún, tí kò lè ya ẹnu jẹun mọ́. Ẹja inú àpótí yín kò jẹ̀bi, Ẹ̀gbọ́n. Omi tí ẹja náà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ló jẹ̀bi.

Láti ibí yìí ni ẹ ti máa lóye bí ó ṣe ń tàn káàkiri. Nínú odò tó ń ṣàn, ọmọ tí wọ́n bí lónìí kì í balẹ̀ sí ilé ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí omi tó ń sáré, ó ti jìnnà réré. Nítorí náà, mọ́sẹ̀lì tí ẹ bá rí nínú odò ńlá sábà máa ń jẹ́ ọmọ àwọn tó wà lókè odò, nínú adágún tàbí ìsédò tí omi ti dúró jẹ́ẹ́. Bí adágún tó wà lókè bá mọ́, odò ìsàlẹ̀ kò ní pẹ́ mọ́. Bí èyí tó wà lókè bá ti bàjẹ́, gbogbo ìsédò tó tò tẹ̀ lé e lójú odò kan náà wà nínú ewu. Omi ló ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó ń gbé wọn gòkè, tó sì ń gbé wọn gba orí ilẹ̀ láti odò kan dé òmíràn, àwa èèyàn ni. Láti St. Clair ní 1988, kò tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi dé New Orleans ní ẹnu odò Mississippi, nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé àgbà wọn gòkè-sọ̀ lójú odò, ọmọ tí wọ́n ń bí lọ́nà sì ń bá omi lọ.

Ẹ máa fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí torí ó kan omi tí ẹ ń mu. Títí di 2009, ilé-iṣẹ́ omi North Texas Municipal Water District máa ń fa omi Texoma, tó jẹ́ bíi 28 nínú 100 gbogbo omi tí wọ́n ń lò nígbà náà, wọ́n á dà á sínú odò kékeré Sister Grove, yóò ṣàn lọ sí adágún Lavon. Nígbà tí mọ́sẹ̀lì yọ ní Texoma ní 2009, wọ́n ní láti pa ẹ̀rọ náà. Ìṣòro òfin wà níbẹ̀, torí ààlà Texas àti Oklahoma gba inú Texoma kọjá, òfin ìjọba àpapọ̀ sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gbé mọ́sẹ̀lì abilà kọjá ààlà ìpínlẹ̀. Fún bíi ọdún márùn-ún wọn kò rí omi yẹn lò. Wọ́n wá ri páìpù tó gùn tó máìlì 46 mọ́lẹ̀, kí omi lè lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ láì fara kan odò tàbí adágún kankan. Bíi 300 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná sí i, ọdún 2014 ni omi náà sì tó padà wá. Gbogbo ìyẹn nítorí ọmọ tí kò tó ìdá mẹ́rin mìlímítà.

Nínú páìpù bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lo ohun tí a mọ̀ nípa ọmọ yìí. Bí ẹ bá da kólórínì sí àgbà, á pa ìkarahun dé, ó sì lè di ẹnu fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láì kú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tó máa bà lé kò lágbára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọ́n ń ṣọ́ omi, wọ́n ń ka ọmọ inú rẹ̀, ìgbà tí ọmọ bá pọ̀ ni wọ́n ń da oògùn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Nínú adágún ńlá, ẹ̀pa kò bóró mọ́ tí wọ́n bá ti balẹ̀ káàkiri. Ibi tí mo mọ̀ tí wọ́n ti pa wọ́n run pátápátá ni irú kòtò Millbrook ní Virginia, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀, tó kéré, tí omi rẹ̀ kò sì já síbì kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi da èròjà pọtásíọ̀mù sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006. Texoma kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Mo sọ pé mo máa padà sórí ikú wọn. Mi ò ní purọ́ fún yín pé garawa omi kan ti tó láti ba adágún jẹ́. Bí ẹ bá da 100 ọmọ sínú adágún ńlá, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn kú. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ yè, ó gbọ́dọ̀ rí akọ tàbí abo tó wà nítòsí, torí àtọ̀ àti ẹyin tí wọ́n tú sínú omi kò ní bá ara wọn pàdé bí wọ́n bá jìnnà. Ewéko tó ní ogún mọ́sẹ̀lì kékeré lára léwu ju garawa yẹn lọ, nítorí wọ́n á balẹ̀ sójú kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń kúrò ní Texoma. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ ka kẹ̀kẹ́ tó ń wọ́ ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Ewu tó kéré lọ́dọ̀ ẹnì kan, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá ń dá a lọ́dọọdún, ìgbà tó máa ṣẹlẹ̀ ló kù, kì í ṣe bóyá ó máa ṣẹlẹ̀.

Ó kan ọjọ́ kejì tí ẹ fẹ́ lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lọ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ti dán ọmọ mọ́sẹ̀lì quagga, ìbátan abilà, wò nínú omi tó ṣẹ́kù sínú ọkọ̀: ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ó lo bíi ọjọ́ márùn-ún láàyè, ní ìgbà tí ojú ọjọ́ tutù ó tó bíi ọjọ́ 27. Àgbà tó wà ní ibi tó rin gbìndìn lè lò ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn odò. Omi gbígbóná dára gan-an, àmọ́ kì í ṣe omi ẹ̀rọ ilé. Èyí tó ń ti ẹ̀rọ ilé jáde sábà máa ń jẹ́ bíi 120 lórí Fahrenheit. 140 la nílò, kí ó sì kan ojú ibẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Omi tó gbóná tó 140 lẹ́nu rọ́bà lè ti tutù kó tó dé abẹ́ ọkọ̀, nítorí náà ibi tó ń bà ni kí ẹ wọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣan inú ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́dọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí irin á kọ́kọ́ mu ooru náà. Bí ẹ kò bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìgbà ni oògùn tó rọrùn jù. Ẹ yọ ìdérí ihò omi, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dorí kodò kí omi inú rẹ̀ ro, ẹ ṣí gbogbo àpótí, ẹ fi aṣọ nu ibi tí omi bá dúró sí, kí ọkọ̀ náà gba oòrùn fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan. Oòrùn Texas tó ń mú yín lórí yẹn á bá yín ṣiṣẹ́ náà láì gba owó.

Ní ti ìlà-oòrùn Texas, àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ má sì gbọ́kàn lé e jù. Kálísíọ̀mù ni ọmọ mọ́sẹ̀lì fi ń kọ́ ìkarahun. Omi àárín gbùngbùn Texas ń ti inú òkúta ẹfun jáde, ó kún fún un. Ọ̀pọ̀ omi apá ìlà-oòrùn rọ̀, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì kan díẹ̀ lẹ́nu bí omi ìdí igbó. Omi tí kálísíọ̀mù rẹ̀ kò bá tó bíi mìlígíráàmù 12 nínú lítà kan, agbára káká ni mọ́sẹ̀lì abilà fi lè tọ́ ọmọ dàgbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n adágún kan yàtọ̀ sí èkejì, àbúrò tó burú jù ú lọ sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Mọ́sẹ̀lì oníwúrà, tó ti Éṣíà wá, kò bèèrè kálísíọ̀mù tó bẹ́ẹ̀. Ó dé ẹnu odò La Plata ní Ajẹntínà ní ọdún 1991, ó dé dáàmù Itaipu ní 2001, ní 2015 wọ́n rí i ní Sobradinho lórí odò São Francisco ní Bahia, ìpínlẹ̀ tí àwọn ọmọ Yorùbá ní Brazil ti fìdí múlẹ̀ jù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n rí i ní èbúté Stockton ní California, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i ní Àríwá Amẹ́ríkà. Òun náà, ọmọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ ní gbalasa omi kó tó so okùn. Omi rírọ̀ ìlà-oòrùn Texas kò ní lè lé e.

Ohun kan kù tí ẹ lè máa ṣe fúnra yín nígbà tí kò sí ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fa ọkọ̀ jáde tí ara rẹ̀ ti gbẹ díẹ̀, ẹ na ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀, sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, sí abẹ́ irin kẹ̀kẹ́, níbi tí òjìji máa ń wà. Ojú lè má rí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n àwọn tó balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn máa ń rin ọwọ́ bí ìwé tí káfíńtà fi ń ha igi. Ibi tó yẹ kó máa yọ̀ tó bá ń ha yín lọ́wọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ náà lọ sómi kankan títí ẹ ó fi ha á, tí ẹ ó fi omi 140 ṣan án, tí ó fi gbẹ.